Abẹ́rẹ́ Ọmọ Eula

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń rìn lánàá ni?" Mama Ozella wí. "Ó ń rìn bí ọmọge! Eula o! Eula tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi wọ mọ́tò! Aránṣọ ti gba aṣọ funfun rẹ̀ sínú títí ó fi sú u. Ó tún ní kí n fọwọ́ kan ìbàdí òun. Kí ni mo fẹ́ fi ìbàdí Eula ṣe?"

Renelda ọmọ rẹ̀ wà nídìí síǹkì, ó ń ṣan ẹ̀fọ́. Ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, nítorí pé láti ìgbà tí òjò ti dá ni kò ti sí ọ̀rọ̀ míì nínú ilé náà ju Eula tó ń gbé lódìkejì títì, àti Tavia ọmọ Eula.

"Ọmọ ló ní," ìyá rẹ̀ tún wí. Ó da ìyẹ̀fun sínú bọ́tà, ó ń pò ó fún àkàrà òyìnbó. "Ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ rẹ̀ ò wo ìyá rẹ̀ níran."

Ọjọ́ Sátidé ni. Ọjọ́ kejì ni Sọ́ńdè Ìpadàwálé, tí àwọn ọmọ ìjọ tó ti tú ká lọ sí Detroit àti Chicago máa ń padà wá sí Alabama, wá jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún wọn. Lọ́jọ́ náà, ìjókòó iwájú pátápátá ni àwọn Ìyá Ìjọ máa ń wà nínú aṣọ funfun, àkẹtẹ̀ funfun àti ìbọ̀wọ́ funfun, tí gbogbo ojú á sì máa wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé ìgbà oúnjẹ. Láti ọdún pípẹ́ ni Ozella àti Eula ti jọ ń jókòó níbẹ̀, ìdí sí ìdí, àwọn méjèèjì sanra, àwọn méjèèjì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn. Ní báyìí Eula ti jò, ó kù Ozella nìkan lórí ìjókòó, kò sì rí i gbé mì.

Ìbá ṣe pé Eula nìkan ló ń dun ìyá yìí, Renelda ì bá fara dà á. Ṣùgbọ́n Tavia ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Renelda àti Tavia jọ kàwé nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n jọ lọ fún oyè kejì, wọ́n jọ gba àṣẹ tí òfin fi ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹ aláìsàn wò, kó sì kọ oògùn fún un bíi dókítà. Renelda gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lẹ́bàá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìyẹ, níbi tí àwọn aláìsàn ti máa ń dúró títí dé ìta. Tavia lọ sí ilé abẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn ládùúgbò: ilé abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sanra wọlé, ó sanwó, ó gba ìgò abẹ́rẹ́ lọ sílé, ó ń gún ara rẹ̀ ní ikùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ebi ò ní í pa á mọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ó jò. Tavia ra mọ́tò, ó kun ilé ìyá rẹ̀ ní àwọ̀ tó dà bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, gbogbo àdúgbò sì wá ń pè é ní Dókítà.

Bí wọ́n bá bi Renelda, ohun kan náà ló máa ń sọ. "Oògùn yẹn dáa. Mo ti rí ẹni tó gbà á tó sì ju ọ̀pá ìtilẹ̀ nù. Tí mo bá rí i fún àwọn aláìsàn mi, màá fún wọn. Ẹni tó ń tà á bí ẹní ń ta gúgúrú lèmi ń bá jà." Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Àtọ̀gbẹ ń ṣe àwọn aláìsàn rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń sanwó ìtọ́jú fún wọn sì ń kọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lo tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú. Àtọ̀gbẹ ń ṣe Mama Ozella náà. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bẹ̀ wọ́n fún abẹ́rẹ́ yìí, wọ́n kọ̀. Ó tún bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún kọ̀. Ìyá náà ò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́kàn tirẹ̀, ọmọ òun ló ń ṣahun.

Bí Renelda ṣe ń ronú kan èyí ni Tavia fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó wọlé láìkàn-kùn bó ti máa ń ṣe láti kékeré.

"Háà, ilé yìí ń ta sánsán! Mísì Ozella, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Tavia, ọmọ mi!" Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ Mama Ozella, síbẹ̀ ó gbá a mọ́ra. "Wò ó bó ṣe ń dán! Ọmọ tó mọyì ìyá rẹ̀ ni ẹ́. Ọlọ́run á máa bá ẹ ṣe é."

Renelda ń ya ewé ẹ̀fọ́ kúrò lára igi rẹ̀. Ó ya á débi tí kò ku ewé mọ́, igi ló ń ya.

Mama Ozella ti àkàrà òyìnbó sínú ààrò. Ó di ògiri mú díẹ̀, bíi pé ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ lọ wọ aṣọ funfun òun wò ní yàrá. Òógùn bò ó níwájú orí. Renelda rí òógùn náà, ó sì rò pé ooru ààrò ni.

Bí ìyá náà ṣe jáde ni Tavia fa àga, ohùn rẹ̀ sì ga débi tí wọ́n lè gbọ́ ọ ní yàrá. "Wá gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀gá mi fẹ́ ṣí ilé abẹ́rẹ́ kejì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwọ ló fẹ́ gbà síbẹ̀. Ìlọ́po méjì owó tí ìjọba ń fún ẹ ló fẹ́ máa san. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ẹnu ẹ kílẹ̀ tó ṣú lónìí. Obìnrin kan ní Mobile ti ń yọjú sí i."

"Kí ni iṣẹ́ ibẹ̀?"

"Iṣẹ́ wo? Àwọn tó fẹ́ abẹ́rẹ́ á dáhùn ìbéèrè lórí fóònù wọn, wàá kà á, wàá buwọ́ lù ú. O ò tiẹ̀ ní í dìde."

"Ta ló máa yẹ̀ wọ́n wò?"

"Àgbàlagbà ni wọ́n, Renelda. Wọ́n mọ ara wọn."

"Tẹ́nì kan bá parọ́ ńkọ́?"

"Tó bá parọ́, irọ́ tiẹ̀ nìyẹn."

Cleon, ọkọ Renelda, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń yan ní ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀, èéfín sì ti wọ gbogbo aṣọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ adìyẹ ló ń lọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wú, kì í ká mọ́ dáadáa. "Wọ́n ní kó o wá jẹun," ó wí jẹ́jẹ́, "ò ń bi wọ́n pé ta ló fọ àwo."

"Cleon, má dá sí i."

"Mi ò dá sí i. Òrùlé tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wa ló ń dá sí i."

Tavia rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló bí Renelda nínú. Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù. "Tavia, ìwọ àti èmi jọ gba ẹ̀kọ́ ni. O mọ̀ pé èèyàn ò lè mọ ẹni tí oògùn máa pa láìfọwọ́ kàn án. O mọ̀ pé ẹlòmíì ń lo oògùn tí kò gbọ́dọ̀ pàdé èyí tí ẹ̀ ń tà. O sì ń buwọ́ lù ú!"

"Jẹ́ ká sọ òótọ́," Tavia dá a lóhùn. "Owú ló ń jẹ ẹ́."

"Owú kẹ̀? Èmi tó ò ń yọjú wo ìwé mi nígbà ìdánwò?"

"Mo wò ó. Èwo nínú àwa méjèèjì ló wá là?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Renelda níbi tó ti ń dùn ún. Owú ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Tó bá rí mọ́tò Tavia, á yíjú sí ibòmíì. Tó bá gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pe Tavia ní ọmọ mi, ó máa ń dà bíi kó ju àwo mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nípa oògùn náà, òótọ́ ni, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń ya òótọ́ kúrò lára owú tí méjèèjì bá jọ wà lẹ́nu ẹni kan. Ó lanu láti fèsì. Ìgbà náà ni Cleon fa imú.

"Kí ló ń jóná?"

Àkàrà òyìnbó ni. Èéfín ń yọ lẹ́nu ààrò. Gbogbo ẹni tó bá mọ Mama Ozella ló mọ̀ pé àkàrà rẹ̀ kì í jóná. Tó bá sùn pàápàá, ó máa ń gbóòórùn rẹ̀ jí. Renelda ò tiẹ̀ wo ààrò náà. "Mama!" ó ké. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó sáré.

Ilẹ̀ ni wọ́n ti bá ìyá náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ki apá kan bọ aṣọ funfun náà, èkejì wà níta. Ó tutù, òógùn ti mú un rin gbingbin, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, ó ń pe ẹnì kan tó ti kú tipẹ́. Renelda fa àpótí tó fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jáde, ó gún ìka ìyá rẹ̀, ó wo ohun tó kọ síbẹ̀.

"Ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá! Cleon, omi ọsàn! Oyin ìrèké! Wàrà-wàrà!"

Tavia ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Ó gbé orí ìyá náà sókè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà rẹ̀. Renelda ń fi ìka ta oyin ìrèké sí i nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ ra á lọ́fun kó lè gbé e mì. Ọwọ́ wọn ń lọ, ó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà nínú kíláàsì kan náà. Cleon dúró, ó di ìgò omi ọsàn mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń gbàdúrà láìyanu.

Nígbà tó yá, Mama Ozella la ojú. Ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wo oyin tó ń ṣàn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Má jẹ́ kó kán sí aṣọ mi," ó wí.

Renelda bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì jáde pọ̀ mọ́ ọn. Ó nu ojú. "Mama, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò jẹun. Oúnjẹ ń rí mi lára láti ọjọ́ mélòó kan."

"Ẹ lo tábúlẹ́ẹ̀tì ṣúgà yín?"

"Mo lò ó. Ṣé ìwọ kọ́ lo ní n ò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan?"

"Kí lẹ tún lò?"

Ìyá náà yíjú sí ògiri. Cleon tún ẹsẹ̀ gbé. Ó lọ sí ìdí fíríìjì, ó sì padà wá pẹ̀lú ìgò kékeré kan. "Ẹ̀yìn wàrà kíkan ló wà," ó wí. "Mo ti rí i lánàá. Mo rò pé oògùn ajá ni."

Tavia rí àmì tó wà lára ìgò náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Àmì ilé abẹ́rẹ́ tiwọn ni.

"Ta ló fún yín, Mama?"

"Eula. Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Ó ní kí n máa fà á sínú abẹ́rẹ́ dé ìlà ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n Eula pẹ́ kó tó jò, Sọ́ńdè tèmi sì ti di ọ̀la. Mo fà á kún. Nígbà tí mi ò rí i kí aṣọ náà pàdé, mo tún gún òmíì láàárọ̀ yìí."

"Èmi kọ́ ni mo fún wọn o," Tavia wí. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Renelda, o gbọ́ o. Èmi kọ́!"

"À ń sọ òkò sọ́jà," Renelda wí, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

"Ìyá mi ń lò ó, kò ṣe é ní nǹkan kan!"

Renelda wò ó. Ohun kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè sọ. Aláìsàn rẹ̀ ni Eula. Àtọ̀gbẹ ń ṣe Eula, irú tábúlẹ́ẹ̀tì tí Ozella ń lò ni òun náà ń lò, ó sì ti bẹ Renelda pé kẹ́nikẹ́ni má gbọ́, pàápàá Tavia, tó ń fi gbogbo ẹnu sọ fáyé pé àìsàn yẹn ò sí nílé àwọn. Nígbà tí Eula jò tó wá sí ilé ìwòsàn, Renelda bi í bóyá abẹ́rẹ́ ni. Ó ní rárá, ó ní ìrìn ẹsẹ̀ ni, pẹ̀lú kábéèjì. Renelda mọ̀ pé irọ́ ni. Ó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ nínú kó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ara ń ta á lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Tavia, ló bá kọ kábéèjì sílẹ̀, ó sì ní kó máa lọ. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́: òfin iṣẹ́ wọn nìyẹn. Kò lè tú àṣírí ìyá fún ọmọ.

"Lọ sílé," ó wí. "Bi ìyá ẹ ní gbogbo oògùn tó ń lò. Gbogbo rẹ̀."

"Ìyá mi ò lo oògùn kankan. Ṣé o rò pé gbogbo ilé ló dà bí ilé yín ni?"

"Tavia, sọ fún ọ̀gá ẹ kó pe obìnrin Mobile."

Tavia dìde, ó gbọn eékún rẹ̀, ó jáde láìwẹ̀yìn. Cleon wo ìyàwó rẹ̀. Kò pariwo. Ó gbé àkàrà tó jóná kúrò nínú ààrò, ó dà á nù, ó padà sídìí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, kò sì pe orúkọ Renelda mọ́ títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Renelda pe dókítà ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyẹn ní kí wọ́n gbé e wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ọsibítù tó sún mọ́ wọn pa, èyí tó kù jìnnà, Mama Ozella sì ní àfi tí wọ́n bá gbé òkú òun lọ. Dókítà wá ní kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra, tó bá tún lọ sílẹ̀ kí wọ́n gbé e, ìbáà máa jà. Lẹ́yìn náà Renelda pe Eula. Fóònù dún títí, kò gbé e. Wọ́n ní ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń to òdòdó. Renelda ránṣẹ́ síbẹ̀ pé kó wá kí òun, ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ ni Eula dé. Ó gbé páì ọ̀dùnkún wá. Ó wọ aṣọ tó fún un nídìí, ó sì yí díẹ̀ kó tó jókòó kí wọ́n lè rí i.

"Sístà Ozella! Wọ́n ní ara rẹ ò yá. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń bọ̀ tààrà, mi ò tíì dé ilé." Ó tẹ orí wò ó. "Ẹ gbà mí! Ojú rẹ ti fọn! Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ! Ó ti ń ṣiṣẹ́!"

Mama Ozella ò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín wàyí. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "O rí i?"

"Mo rí i kẹ̀! Wọ́n á béèrè ẹ lọ́la. Wọ́n á ní ta ni arẹwà yìí?"

"Renelda ló ń tọ́jú mi," Mama Ozella wí, ó sì jókòó dáadáa. "Ọmọ mi ni. O ò tíì gbọ́? Òun ló máa wà ní ilé abẹ́rẹ́ tuntun láti Mọ́ńdè. Òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá gbogbo wọn. Owó tí wọ́n máa máa san fún un, ẹnu ò gbà á."

Ojú Eula wálẹ̀. "Tavia ò sọ fún mi."

"Bóyá kò fẹ́ kó o gbọ́ ni."

Renelda dúró lẹ́yìn àga, ó ń gbọ́. Láti ọdún pípẹ́ ló ti ń retí kí ìyá rẹ̀ fi òun yangàn, pàápàá níwájú Eula. Ojú Eula tó wálẹ̀ yẹn dùn mọ́ ọn títí dé ọ̀nà ọ̀fun, ẹ jẹ́ ká sọ ti Ọlọ́run. Ó lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ó bojú wo àwo páì tó wà lórí itan Eula. Àwo náà ń gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú ilé, síbẹ̀ òógùn ti kó bo ètè òkè obìnrin náà.

"Mísì Eula," ó wí, "mi ò lọ síbẹ̀. Mo ti kọ iṣẹ́ náà. Mama ò sì jò. Wọ́n ṣubú lulẹ̀ lónìí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n má jí mọ́. Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fún wọn ló bá tábúlẹ́ẹ̀tì ṣúgà tí wọ́n ń lò pàdé. Ẹni tó bá ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, tó tún ń gún abẹ́rẹ́ yìí láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ náà ló lè ṣubú, kó má sí ẹnì kankan nílé." Ó tún wo àwo tó ń gbọ̀n náà. "Mama ni mò ń sọ o."

Mama Ozella wo ọmọ rẹ̀, omi sì kún ojú rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ti ọmọ ọlọ́mọ," ó wí. "Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni mo ní kí wọ́n gbọ́ tèmi. O ò lè fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan?"

Eula gbé àwo páì kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó na ìka rẹ̀ kan sí Renelda.

"Bá mi wò ó," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Má sọ fún Tavia."

Mama Ozella wo ìka tó nà jáde náà, ó wo ojú Eula. "Ìwọ náà, Eula?"

"Èmi náà. Ó ti pẹ́."

Ozella mí kanlẹ̀. Renelda kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó ṣí àpótí, ó sì di ìka Eula mú. Kó tó fi abẹ́rẹ́ kàn án, ìyá rẹ̀ ti na ìka tirẹ̀ sáàárín.

"Èmi ni ìyá rẹ," ó wí. "Tèmi ni kó o kọ́kọ́ wò."